Ohun tí ẹ bá tì, òun náà ń tì yín: ìtọ́sọ́nà fún kíkọ́ ọmọ ilé-ìwé nípa ipá àti èsì rẹ̀

Ẹ bi ọmọ SS 2 kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù pé kí ni òfin kẹta Newton wí. Yóò kà á fún yín láìdánu dúró: gbogbo ipá ló ní èsì, èsì náà dọ́gba pẹ̀lú ipá, ó sì kọjú sí òdìkejì. Ẹ wá gbé ìwé kan lé tábìlì, kí ẹ ní: "Ilẹ̀ ayé ń fa ìwé yìí wálẹ̀. Kí ni èsì rẹ̀?" Púpọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé tábìlì tó gbé e ró ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ayé ń fa ìwé, èsì rẹ̀ sì ni pé ìwé náà ń fa ilẹ̀ ayé. Tábìlì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ìwé ń tẹ tábìlì, tábìlì ń ti ìwé sókè: ìyẹn jẹ́ ipá méjì mìíràn, ó ní ààyè tirẹ̀.

Àṣìṣe yìí kì í ti ọwọ́ ọmọ wá. Òfin tí a kọ́ sórí láìfọwọ́ kan nǹkan kan ló ń bí i. Ìdánwò mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀ yìí kò nílò yàrá ìwádìí. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ní tábìlì líle àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú ti tó. A tò wọ́n bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀ léra. Ẹ lè fo èyíkéyìí, àmọ́ ẹ má fo ti àkọ́kọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní gbólóhùn méjì

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohun èlò, ẹ kọ èyí sójú pátákó:

______ ń ti ______.
______ ń ti ______.

Ọmọ yóò fi orúkọ ohun méjì dí àlàfo ìlà àkọ́kọ́, yóò sì pààrọ̀ ipò wọn ní ìlà kejì. "Ọwọ́ ń ti ògiri. Ògiri ń ti ọwọ́." Tó bá jẹ́ fífà ni, kó lo "ń fa" ní ìlà méjèèjì. Òfin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Orúkọ ohun kẹta kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ ìṣe kò gbọ́dọ̀ yí padà láti ìlà kan sí èkejì. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi "lẹ́yìn náà" tàbí "nígbà tó yá" sáàárín wọn, nítorí ìṣẹ́jú kan náà ni ipá méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń parí. Ohun tí ìwé ń pè ní action kò ṣíwájú reaction. Èyí tó bá wu ọmọ ni kó kọ́kọ́ kọ.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ìwé orí tábìlì sínú gbólóhùn yìí, ẹ ó rí i pé àṣìṣe náà yọjú fúnra rẹ̀: "Ilẹ̀ ayé ń fa ìwé. Tábìlì ń ti ìwé." Ohun kẹta ti wọlé, ọ̀rọ̀ ìṣe sì ti yí padà. Isaac Newton fúnra rẹ̀, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1687, irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ ló lò: ẹni tó fi ìka tẹ òkúta, òkúta ń tẹ ìka rẹ̀, ẹṣin tó ń fi okùn wọ́ òkúta, òkúta náà ń fa ẹṣin sẹ́yìn.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Fún kíláàsì ọmọ 40, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, kí márùn-ún wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n onísípíríǹgì méjì tó lè wọn kìlógíráàmù 5 ṣe kókó, pẹ̀lú ọ̀kan kékeré tó ń wọn 500 gíráàmù. Ẹ wá síkéèlì irú èyí tí àwọn oníkéèkì ń lò, tó ń fi gíráàmù kọ̀ọ̀kan hàn, àti ìwọ̀n tí èèyàn ń gun láti mọ bó ṣe wúwo tó. Síkéèlì wọ̀nyí kò ní ju ẹyọ kan-kan lọ ní ilé-ìwé púpọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọ̀wọ́ máa yípo. Ìyókù wà lọ́jà: Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní bàlúùnù, sítúrọ́ọ̀, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, sẹ́lótéèpù, ìṣó àti òwú. Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ti àwọn apẹja dára ju òwú ìránṣọ lọ fún ìdánwò bàlúùnù. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́ lè rà á níbẹ̀.

Píọ̀ wọ́tà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 gíráàmù, ó sì wúlò bí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sórí síkéèlì kí ẹ tó gbà á gbọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló kún dọ́gba.

Ìdánwò kìíní: ìwọ̀n méjì tí a fi kọ́ra

Èyí ni ìpìlẹ̀. Ẹ yan ọmọ méjì: ẹni tó lágbára jù lọ ní kíláàsì, àti ẹni tó kéré jù lọ.

1. Ẹ tẹ́ ìwọ̀n méjèèjì sórí tábìlì. Ẹ yí ìdè orí wọn títí ọ̀pá ìtọ́ka yóò fi bọ́ sórí òdo. Orí tábìlì yìí ni kí ẹ ti ṣe é. Ìwọ̀n tí a gbé kọ́ ń ru ìwúwo ìkọ́ tirẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá ṣe òdo rẹ̀ lóòró tí ẹ wá lò ó ní ìbú, yóò máa kà dín.
2. Kí gbogbo kíláàsì kọ ohun tí wọ́n rò sínú ìwé: ìwọ̀n ta ni yóò kà jù? Ẹ má ṣe fò ó. Ọmọ tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ yóò sọ nígbà tó bá yá pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.
3. Ẹ fi ìkọ́ kan kọ́ èkejì. Kí wọ́n rọra fà títí ọ̀kan yóò fi ka kìlógíráàmù 1. Ọmọ kẹta yóò pariwo "Dúró!", kí ẹni méjì ka ìwọ̀n méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.
4. Ẹ tún un ṣe ní kìlógíráàmù 2 àti 3.
5. Ẹ wá sọ fún ọmọ kékeré pé kó má fà mọ́ rárá, kó kàn di ìwọ̀n tirẹ̀ mú gírígírí. Ẹ ka méjèèjì.
6. Ẹ yọ ọmọ kékeré kúrò, kí ẹ so ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ irin ojú fèrèsé. Ẹ ka méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Iye kan náà ni méjèèjì yóò máa kà, látorí ìgbésẹ̀ 3 dé 6. Ariwo ìgbésẹ̀ 6 ló máa ń pọ̀ jù, nítorí kò sẹ́ni tó rò pé fèrèsé lè fa èèyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ gbólóhùn méjì: "Ọmọ ń fa fèrèsé. Fèrèsé ń fa ọmọ." Tí ẹ bá fẹ́ yí kìlógíráàmù padà sí níútìnì, tí í ṣe òṣùwọ̀n ipá, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 9.8: kìlógíráàmù 2 jẹ́ níútìnì 19.6.

Tí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju 100 gíráàmù lọ yàtọ̀ síra, ẹ pààrọ̀ wọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Bí àṣìṣe bá bá ìwọ̀n lọ, ìwọ̀n ló bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé wọn kò ṣe òdo rẹ̀ dáadáa, tàbí pé sípíríǹgì rẹ̀ ti nà kọjá ààlà rí (ìwọ̀n tí wọ́n ti lò lọ́jà fún ẹrù wúwo sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀). Bí àṣìṣe bá dúró lọ́wọ́ ọmọ, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀: ó ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, tàbí ìkọ́ rẹ̀ ń ha tábìlì. Ìwọ̀n méjèèjì àti ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó kó wọn kúrò, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yìí: ìwọ̀n ẹyọ kan ló wà láàárín, ọmọ méjì ń fà á, kìlógíráàmù 2 ni ipá ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ni yóò kà? Ọ̀pọ̀ á ní 4, àwọn kan á ní òdo "nítorí wọ́n pa ara wọn rẹ́." Méjì ni. Fèrèsé ìgbésẹ̀ 6 ti dáhùn rẹ̀ ṣáájú.

Ìdánwò kejì: títẹ tábìlì lórí ìwọ̀n

Ìwọ̀n oníka ló dára jù níbí. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀n oníná ní ìwà kan tó ń ba ìdánwò yìí jẹ́: bó bá ti rí iye kan, ó ń dì í mú, kì í yí padà mọ́ títí èèyàn yóò fi sọ̀kalẹ̀. Tó bá jẹ́ irú rẹ̀ lẹ ní, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ tẹ tábìlì kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kejì gùn ún. Ilẹ̀ tó bá sì rí ṣákaṣàka ń jẹ́ kí ìwọ̀n purọ́. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tẹ́ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ má fipá mú ọmọ gun ìwọ̀n níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn kò fẹ́ kí wọ́n ka ìwúwo wọn sókè. Tíṣà lè gùn ún fúnra rẹ̀, ẹ̀rín á sì pọ̀ níbẹ̀.

Ká ní ẹni náà wúwo tó kìlógíráàmù 50. Ẹ gbé síkéèlì oníkéèkì sórí tábìlì níwájú rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ka kìlógíráàmù 3. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ sí 47. Kó tẹ̀ ẹ́ dé 5, ìwọ̀n ẹsẹ̀ á di 45. Ẹ má kọjá iye tí síkéèlì lè gbé. Àpapọ̀ méjèèjì kì í kúrò ní 50, àyàfi tí ẹni náà bá ń mi ara tàbí tó gbé gìgísẹ̀ sókè. Ọwọ́ ń ti síkéèlì wálẹ̀. Síkéèlì ń ti ọwọ́ sókè, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi fúyẹ́.

Ẹ wá jẹ́ kó fi ọwọ́ ti abẹ́ tábìlì sókè, kí ọmọ méjì jókòó lórí rẹ̀ kó má baà gbéra. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ á gòkè ju 50 lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀ nígbà tí a bá dé ibi ìfúnpá gàrí.

Ìdánwò kẹta: òkúta nínú omi

Nínú gbogbo wọn, èyí ni a fẹ́ràn jù, nítorí ó fi hàn pé omi pàápàá ní ipá, ó sì ń gba èsì.

Ẹ gbé bóòlù (abọ́ ìpomi) kan sórí síkéèlì oníkéèkì, ẹ tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo, kí ẹ wá da omi lítà 1 sí i. Yóò ka nǹkan bí 1,000 gíráàmù. Ẹ wá òkúta dídán líle tó tó 260 gíráàmù, irú èyí tí wọ́n fi ń po kọnkéré. Ẹ má lo yangí: ó ní ihò, ó ń mu omi, iye rẹ̀ kò sì ní dúró sójú kan. Ẹ fi okùn ọ̀rá so òkúta, ẹ gbé e kọ́ sórí ìwọ̀n kékeré ti 500 gíráàmù, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ bi wọ́n: tí a bá ri òkúta yìí sínú omi, láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀, ṣé síkéèlì tó wà lábẹ́ bóòlù yóò yí padà? Ìwọ̀n ló gbé òkúta dúró, bóòlù kọ́. Èrò á pín sí méjì gan-an.

Ẹ rọra rì í títí omi yóò fi bò ó mọ́lẹ̀, kó má kan ìsàlẹ̀, kó má sì kan ẹ̀gbẹ́. Ìwọ̀n òkè yóò bọ́ láti 260 sí nǹkan bí 160. Síkéèlì ìsàlẹ̀ yóò gòkè láti 1,000 sí nǹkan bí 1,100. Iye tí òkè sọ nù ni ìsàlẹ̀ jèrè. Omi ń ti òkúta sókè, òkúta ń ti omi wálẹ̀, omi sì gbé ẹrù náà fún bóòlù. Àpapọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ jẹ́ 1,260 ní gbogbo ìgbà.

Ìyàtọ̀ gíráàmù 5 sí 10 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, nítorí ìlà ìwọ̀n onísípíríǹgì kékeré kò kúnná tó ti síkéèlì. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá omi tó ta sílẹ̀ sórí síkéèlì tàbí tó dà kúrò nínú bóòlù, afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara òkúta (ẹ mì í díẹ̀ nínú omi), tàbí òwú ìránṣọ tó mumi. Síkéèlì mìíràn ń kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan a sì bẹ̀rẹ̀ látòdo. Ẹ ṣètò gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó tàn án.

Ọmọ kan yóò jẹ́ kí òkúta kan ìsàlẹ̀ dandan. Ẹ má bá a wí. Ẹ ka méjèèjì nígbà tó ti fara lé bóòlù: òkè ti já sílẹ̀ sí i, ìsàlẹ̀ ti gòkè sí i, àpapọ̀ wọn sì ṣì jẹ́ 1,260. Ohun tó yí padà ni pé bóòlù náà ti dá sí i. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbólóhùn méjì tuntun tí ó fi orúkọ bóòlù kún un: "Òkúta ń ti bóòlù. Bóòlù ń ti òkúta."

Kí ẹ tó kó o kúrò, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ki ìka kan bọ omi láìkan ìsàlẹ̀. Síkéèlì á gòkè ní nǹkan bí gíráàmù 10, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìka ńlá. Ìka wọn ni ẹ̀rí tí wọn kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀.

Ìdánwò kẹrin: bàlúùnù orí okùn

Gbogbo tíṣà ló mọ eléyìí, púpọ̀ ló sì ń kùnà lọ́wọ́ wọn. Ẹ ta okùn ọ̀rá mítà 5 láti fèrèsé kan sí èkejì, ní gíga àyà, kó le dáadáa. Okùn tó bá rọ̀ wálẹ̀ ń dá bàlúùnù dúró láàárín. Kí ẹ tó so ìkángun kejì, ẹ ti sítúrọ́ọ̀ tí ẹ gé sí sẹ̀ǹtímítà 6 bọ okùn. Bàlúùnù gígùn ń lọ gbọọrọ ju róbótó lọ.

Ẹ fẹ́ bàlúùnù kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ sítúrọ́ọ̀, kí ẹnì kan fi ìka pa ẹnu rẹ̀ pọ̀. Sẹ́lótéèpù tí a lẹ̀ kí a tó fẹ́ ẹ ń di ara rẹ̀ mú, á sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu bàlúùnù gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn gan-an. Tó bá ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, ẹ gé ọ̀pá bírò sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ kì í bọ ẹnu rẹ̀, ẹ fi rọ́bà dì í. Afẹ́fẹ́ á máa jáde lọ́nà kan ṣoṣo. Ẹ fi òwú wọn àyíká rẹ̀ (sẹ̀ǹtímítà 40, 50, 60), kí ẹ sì kọ ibi tó dé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta fún ìwọ̀n kan. Ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ fẹ́ bàlúùnù tí ẹlòmíràn ti fẹ́, ẹ sì ṣa àwọn àwẹ́ tó bá bẹ́ kúrò nílẹ̀ nítorí àwọn ọmọdé.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù kọ́ ni ibi tó dé. Ẹ béèrè ohun tó tì í. Púpọ̀ á ní: "Afẹ́fẹ́ tó jáde ló ti ògiri tó wà lẹ́yìn." Ẹ dán an wò. Ẹ jẹ́ kó gbéra ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ògiri, lẹ́yìn náà ní mítà 2 sí i. Kò sí ìyàtọ̀ tí ojú lè rí. Bàlúùnù ń ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ń ti bàlúùnù síwájú. Ògiri jẹ́ ohun kẹta, kò sì ní ààyè nínú gbólóhùn.

Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe yìí kò dá nìkan wà. Ní January 1920, ìwé ìròyìn New York Times fi Robert Goddard, onímọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà, ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ̀ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì nílò nǹkan tí yóò tì kí ó tó lè rìn ní òfuurufú tí kò sí afẹ́fẹ́. Ní July 17, 1969, nígbà tí Apollo 11 ti wà lójú ọ̀nà òṣùpá, ìwé ìròyìn náà tẹ àtúnṣe jáde, wọ́n sì gbà pé àwọn ṣàṣìṣe. Ẹ ka ìtàn yìí fún wọn lẹ́yìn ìdánwò, ẹ má kà á ṣáájú.

Ìdánwò karùn-ún: pákó tó ń ta sẹ́yìn

"Tí ipá méjèèjì bá dọ́gba, kí ló dé tí ọ̀kan ń sáré ju èkejì?" Ìbéèrè tó dára ni, ìdánwò yìí ló sì ń dáhùn rẹ̀.

Kí káfíńtà gé pákó sẹ̀ǹtímítà 25 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀. Ẹ kan ìṣó méjì sí orí kan, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 6 wà láàárín wọn, kí ẹ sì kan ẹyọ kan sí àárín orí kejì. Ẹ na rọ́bà láti ìṣó kan sí èkejì, ẹ fi òwú fà á sẹ́yìn dé ìṣó kẹta, kí ẹ so ó. Ẹ tò ọ̀pá róbótó mẹ́jọ sórí ilẹ̀ bí ìtẹ̀lé pákó, kí ẹ gbé pákó lé wọn. Bírò onígun ń yí ṣákaṣàka, kò dára. Pẹ́ńsùlù róbótó tàbí irin róbótó tó rí bákan náà ló yẹ. Ẹ di yanrìn sínú ìgò ọ̀rá kékeré mẹ́ta: 100, 200 àti 300 gíráàmù. Ẹ gbé ọ̀kan sí àárín rọ́bà tí a fà.

Ẹ fi iná àbẹ́là jó òwú. Àlùmọ́gàjí tàbí abẹ ń ti pákó nígbà tó bá ń gé e, ó sì ń ba iye jẹ́. Kí gbogbo ènìyàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà níwájú tàbí lẹ́yìn, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà fara pa. Ìgò á fò síwájú, pákó á yí sẹ́yìn. Ẹ wọn ibi tí pákó dé lẹ́ẹ̀mẹta fún ìgò kọ̀ọ̀kan. Bí ìgò ṣe ń wúwo sí i ni pákó ń jìnnà sí i, ìgò náà á sì máa lọ́ra sí i. Ibi tí rọ́bà fà dé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Ẹ fi máákà sàmì sí i, nítorí òwú tí a so kúrú tàbí gùn díẹ̀ ló ń da iye rú jù.

Ìgò àti pákó gba ipá kan náà. Èyí tó fúyẹ́ ló sáré jù. Ọmọ tó bá ti bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú omi sí èbúté ní Ìwópin ti rí i: ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ọkọ̀, ọkọ̀ tì í, ọkọ̀ kékeré sì sá sẹ́yìn ju ńlá lọ.

Ìdánwò kẹfà: agolo tó ń yí

Fún àwọn JSS, èyí ló ń dùn mọ́ wọn jù. Ẹ gba agolo tòmátì 400 gíráàmù tó ṣófo, ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́rin ní sẹ̀ǹtímítà 1 sókè ìsàlẹ̀, kí àyè àárín wọn dọ́gba. Kí agolo má baà wó, ẹ rọ omi kún un kí ẹ sì jẹ́ kó di yìnyín kí ẹ tó lù ú. Tí kò bá sí fíríìjì, ẹ ti igi róbótó bọ inú rẹ̀. Nígbà tí ìṣó bá ti wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún pátápátá kí ẹ tó fà á yọ. Kí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dojú kọ apá kan náà: bí ẹyọ kan bá dojú kọ òdì, yóò máa bá àwọn yòókù jà. Ẹ fi okùn mẹ́ta so ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ sórí okùn kan, rọ omi sí i. Omi ń jáde sí ọ̀tún, agolo ń yí sí òsì. Tó bá ń yí kí omi tó wọlé, okùn ti lọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó túra sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìbẹ̀wò sí ibi ìfúnpá gàrí

Kò sí ibi tí a ó ti rí ipá àti èsì tó ṣe kedere bí ibi tí wọ́n ti ń fún omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti lọ̀, iṣẹ́ náà sì wà káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú, kí àwọn ọmọ kí wọn dáadáa, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan jáàkì.

Irin méjì dúró lóòró, irin kan dá bùú lórí wọn. Àpò ẹ̀gẹ́ wà nísàlẹ̀, pákó wà lórí àpò, jáàkì jókòó lórí pákó, orí rẹ̀ sì kan irin ìdábùú. Ká ní jáàkì ń tẹ pákó pẹ̀lú níútìnì 20,000, èyí tó sún mọ́ ìwúwo tọ́ọ̀nù 2. Ẹ béèrè: ipá mélòó ni jáàkì fi ń ti irin ìdábùú sókè? Níútìnì 20,000 náà ni, tí a bá yọ ìwúwo jáàkì kúrò. Àwọn tó ti abẹ́ tábìlì sókè nínú ìdánwò kejì á yára rí i.

Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀. Wọn á fẹ́ kọ pé irin ìdábùú ni èsì àpò. Gbólóhùn méjì ń tú u: "Jáàkì ń ti pákó. Pákó ń ti jáàkì." Lọ́tọ̀: "Jáàkì ń ti irin. Irin ń ti jáàkì." Ipá mẹ́rin ni. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán jáàkì nìkan, kí wọ́n fi ọfà méjì sí i, lẹ́yìn náà irin ìdábùú nìkan. Irin náà fẹ́ fò sókè; irin òró méjèèjì ló ń fà á wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú ibi tí wẹ́dà ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ló sábà máa ń já, tàbí kí àárín irin ìdábùú tẹ̀ sókè. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ lè rí èyí tó ti tẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n nípa ọ̀nà àtijọ́, tí wọ́n ń kó òkúta lé àpò. Kí ló dé tí ìyẹn kò nílò irin kankan lókè? Ilẹ̀ ayé ló ń fa òkúta wálẹ̀, èsì rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀ ayé, kò sí ohun kan lókè tí wọ́n ń tì.

Bí ẹ ó ṣe fún wọn ní máàkì

Ẹ má béèrè pé kí wọ́n sọ òfin kẹta. Ẹ fún wọn ní ìbéèrè yìí, kó gba máàkì 10: ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹṣin kan ń lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ká ní wọ́n so òkúta ńlá mọ́ ọn, ó sì ń wọ́ ọ lọ. Òkúta ń fa ẹṣin sẹ́yìn pẹ̀lú ipá kan náà tí ẹṣin fi ń fa òkúta. Báwo ni wọ́n ṣe ń rìn?

Máàkì 2 fún gbólóhùn méjì ti ẹṣin àti òkúta. Máàkì 2 fún ti pátákò àti ilẹ̀: pátákò ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ ń ti pátákò síwájú. Máàkì 3 fún àwòrán ẹṣin nìkan, pẹ̀lú ọfà ilẹ̀ tó gùn ju ọfà òkúta lọ nígbà tó bá ń gbéra. Máàkì 3 fún àwòrán òkúta nìkan, níbi tí ọfà ẹṣin ti gùn ju ọfà ilẹ̀ tó ń dá a dúró. Ẹni tó bá ya ọfà ẹṣin àti ọfà òkúta sára ohun kan náà, ẹ yọ máàkì àwòrán rẹ̀ gbogbo. Ẹni tó bá sì kọ pé ẹṣin ń rìn nítorí ó lágbára ju òkúta lọ, ẹ dá a padà sídìí ìwọ̀n méjì ní píríọ́ọ̀dù tó ń bọ̀, kó fa fèrèsé kó sì ka iye rẹ̀ sókè.